Bílíọ̀nù: Iye Wo Ni À Ń Pè Bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ òǹkà kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó yẹ kí àwọn tí ń túmọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì sí Yorùbá ṣọ́ra fún. Òun ni bílíọ̀nù. Láyé àtijọ́, mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ni ó jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: òdo méjìlá ni ó ń tẹ̀ lé 1. Ní Amẹ́ríkà, mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún péré ni, òdo mẹ́sàn-án. Ní 1974, Harold Wilson, olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé ìtumọ̀ kejì yìí ni ìjọba òun yóò máa lò. Òun náà ni a ń lò ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n ní Benin àti Tógò, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń fi èdè Faransé kẹ́kọ̀ọ́, “milliard” ni orúkọ mílíọ̀nù lọ́nà ẹgbẹ̀rún. “Billion” tiwọn ní òdo méjìlá. Bí a bá kọ ọ́ pé ayé ti tó nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún mẹ́rin ààbọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ní Kétu ti ilẹ̀ Benin lè sọ ọjọ́ orí ayé di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Èdè wa kò ṣàìní ọ̀nà àbáyọ. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Àádọ́ta ọ̀kẹ́ sì jẹ́ mílíọ̀nù kan. Àbá wa ni pé kí a máa pe 1,000,000,000 ní àádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà ẹgbẹ̀rún, kí a sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ tì í. Ó gùn lẹ́nu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀ méjì.