Ọmọ Tó Fẹ́ Kọ́ Cyber Security: Ohun Tí Wọ́n Ń Kọ́ Wọn Gan-an

Ọ̀rọ̀ inú voice note alẹ́ Sunday nìyí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ò lè gbọ́ ohùn nínú ariwo ọjà.

  Àdímínì yín ni.

Ọ̀rọ̀ kan ti ń lọ lórí group láti Wednesday. Ìyá wa kan ní Suleja ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ wọn fẹ́ ṣe JAMB, ó ní cyber security lòun fẹ́ kọ́ ní FUT Minna. Ìyá wá bi wá pé, "Ṣé kì í ṣe ilé-ìwé Yahoo nìyẹn?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní kí ọmọ yí i sí Accounting kíákíá. Bàbá kan tiẹ̀ ní òun ò lè fi owó ọjà òun rán ọmọ lọ kọ́ olè jíjà. Èmi ò dá sí i lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ náà máa ń wá ra aṣọ lọ́dọ̀ mi, mo ní kí n kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè.

Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Cyber security ni iṣẹ́ ọlọ́dẹ: kí olè má ráyè wọ kọ̀ǹpútà báńkì, kọ̀ǹpútà ìjọba, fóònù yín. Digital forensics ni iṣẹ́ ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ lẹ́yìn tí olè ti lọ. Ẹnì kan ń ti ilẹ̀kùn, ẹnì kejì ń wo ẹsẹ̀ ilẹ̀. Ọmọ tó bá wọ ẹ̀ka yìí á fọwọ́ kan méjèèjì. Ọdún márùn-ún ni ní FUT Minna torí B.Tech ni. Ọdún tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ìṣirò ni, physics ni, kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó rò pé ọjọ́ kìíní ni wọ́n á ti máa já wọ fóònù èèyàn bíi ti fíìmù ló máa ń rẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí nìyí, torí òun ló kan àwa ọlọ́jà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ jù nínú forensics kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù. Bí wọ́n ṣe máa fi hàn adájọ́ pé àwọn ò fọwọ́ ba nǹkan jẹ́ ni.

Ká ní wọ́n gba fóònù ẹnì kan tí wọ́n fura sí. Ẹni tí ò kọ́ṣẹ́ á tan án, á ṣí WhatsApp, á máa tẹ̀ ẹ́ kiri. Ó ti da ẹsẹ̀ tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ olè nìyẹn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ á kọ́kọ́ gé fóònù náà kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, torí olówó ẹ̀ lè wà níbòmíràn kó pàṣẹ pé kí gbogbo ohun inú ẹ̀ parẹ́. Àpò kan wà tí wọ́n ń fi í sí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò lè wọ̀, Faraday bag ni wọ́n ń pè é. Tó bá jẹ́ disk kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń jẹ́ write blocker: ó ń jẹ́ kí wọ́n ka disk náà, àmọ́ kò ní jẹ́ kí wọ́n kọ ohunkóhun sí i. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà ẹ̀ látòkèdélẹ̀, orí ẹ̀dà yẹn ni wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́. Ojúlówó á wà nínú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa.

Báwo ni adájọ́ á ṣe mọ̀ pé ẹ̀dà yẹn ò yàtọ̀ sí ojúlówó? Èyí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo àlàyé wọn. Ìṣirò kan wà tó ń jẹ́ hash. Kọ̀ǹpútà á ka gbogbo ohun tó wà nínú disk, á wá gbé àmì kan jáde. Èyí tí wọ́n ń pè ní SHA-256, lẹ́tà àti nọ́ńbà 64 ló máa ń jẹ́. Tí ìwé bá tó Bíbélì, tí ẹ yọ kọ́mà kan ṣoṣo nínú ẹ̀, àmì 64 yẹn á yí padà pátápátá. Tí ti ojúlówó bá bá ti ẹ̀dà mu, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìwé tó ń bá a rìn ńkọ́? Ẹ̀yin tó ń gbẹ́rù láti Èkó, ẹ mọ waybill. Ẹni tó di ẹrù ní Balógun kọ orúkọ, awakọ̀ fọwọ́ sí i, ẹni tó gbà á ní garaàjì níbí fọwọ́ sí i. Tí ìdì bá dín, a mọ ọwọ́ ẹni tó ti dín. Tí ẹnì kan láàárín ò bá fọwọ́ sí i, ìjà dé. Ohun tí wọ́n ń pè ní chain of custody nìyẹn gẹ́lẹ́. Gbogbo ọwọ́ tí fóònù yẹn bá kọjá gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Ohun tí wọ́n ti pa rẹ́, ṣé ó lọ ni? Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Tí alága ọjà bá fa ìlà sórí orúkọ yín nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù, ẹrù yín ṣì wà nínú ṣọ́ọ̀bù títí ẹlòmíràn á fi kó tiẹ̀ wọlé. Bí disk ṣe ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n fóònù òde òní le díẹ̀: ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ohun inú ẹ̀, tí ẹ bá ti reset ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yẹn ti bá a lọ.

Ẹ rántí ẹni wa tí wọ́n fi alẹ́ẹ̀tì èké gba ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mi ò ní dárúkọ. Inú bí i, ó pa gbogbo chat rẹ́, ó blọ́ọ̀kì nọ́ńbà, ó tún reset fóònù. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, screenshot kan ló kù, èyí tí ọmọ ẹ̀ ti fi ránṣẹ́ kiri. Kí ló fẹ́ fìyẹn ṣe? Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi fóònù náà sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀.

Òfin Ẹ̀rí wa ti 2011, abala 84, ló sọ ohun tí ìwé tó bá ti inú kọ̀ǹpútà jáde gbọ́dọ̀ ní kí kóòtù tó gbà á: pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé wọ́n ń lò ó déédéé fún irú iṣẹ́ yẹn. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà náà fọwọ́ sí sì máa ń bá a rìn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nínú ẹjọ́ ìdìbò gómìnà Bayelsa ti 2012, Kubor àti Dickson, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, torí wọn ò tẹ̀lé abala yìí. Ẹjọ́ gómìnà nìyẹn o, ká má tíì sọ ti ìdì aṣọ mẹ́ta.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé Yahoo ni, ẹ wo Ramon Abbas tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Hushpuppi. Wọ́n mú un ní Dubai ní June 2020. Ní November 2022, kóòtù kan ní Los Angeles rán an lẹ́wọ̀n ọdún 11 àti oṣù 3. Lára ohun tí FBI fi tọ̀ ọ́ dé ilé ni email àti nọ́ńbà fóònù tó so mọ́ Instagram ẹ̀, ibi tó ti ń fi bàtà àti mọ́tò hàn wá. Àwọn tó jókòó wá nǹkan wọ̀nyẹn jáde, iṣẹ́ tí ọmọ ìyá wa fẹ́ kọ́ ni wọ́n kọ́.

Àmọ́ ìyá ò ṣì sọ̀rọ̀ tán o. Ọ̀bẹ tó ń gé ẹran lè gé ọwọ́. Ọmọ tó bá mọ bí olè ṣe ń wọlé lè wọlé. Òfin Cybercrimes ti 2015, abala 6, ní ẹni tó bá wọ kọ̀ǹpútà láìgbàṣẹ láti fi ṣe jìbìtì, tó sì kó ohun tó kan ààbò orílẹ̀-èdè níbẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 5 náírà, tàbí méjèèjì.  Àwọn ọmọ yẹn sọ fún mi pé ìwé àṣẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbà kí wọ́n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó mọ èyí. Ìdáhùn ẹ̀ á sọ irú ọmọ tó jẹ́.

Ní ti owó, kọ̀ǹpútà ló máa ná yín jù. RAM 8 á gbé e, 16 ló dáa, torí wọ́n máa ń ṣí kọ̀ǹpútà mìíràn sínú ẹyọ kan. Tòkunbọ̀ tó dáa tó. Maths àti Physics ni kó má fi ṣeré, kó sì wo brochure JAMB fún èyí tó kù. FUTA ní Àkúrẹ́ náà ń kọ́ ọ, fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ wà nítòsí ilé. Ẹ tún rántí NELFUND: owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá ọmọ ilé-ìwé ìjọba láti 2024, kò ní èlé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún tààrà. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn NYSC, tó bá ti ríṣẹ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà. Ìwé ẹ̀rí nìkan ò tó láti ríṣẹ́ o, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ náà. Kó ti máa ka èyí tí Cisco ń kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìsinsìnyí, á mọ̀ bóyá ó wù ú lóòótọ́.

Ìyá wa ní Suleja, ẹ jẹ́ kó pè mí ní Saturday lẹ́yìn aago mẹ́rin. Màá mú un mọ ọ̀kan lára àwọn oníbàárà mi tó ti wà ní 400 level. Kó mú result WAEC ẹ̀ dání.