Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé igbó kékeré tó wà lórí ilẹ̀ yín lè gba ẹyẹ là?

Ẹ̀yin ará Ilo-Awela, ẹ̀yin tí igi ṣì kù lórí ilẹ̀ yín ní Ọ̀tà, ẹ má tíì pe katakata.

1. Ẹ wo ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn. Oko ni apá kan ibẹ̀ kí wọ́n tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1967. Wọ́n dáwọ́ oko dúró níbẹ̀, igi sì padà hù. Lónìí, igbó náà tó nǹkan bí hẹ́kítà 350. Ó wà lára ibi díẹ̀ tí ẹyẹ Ibadan malimbe kù sí. Ìbátan ẹ̀gà ni. Ó dúdú, pupa sì wà ní orí àti àyà rẹ̀. Ní gbogbo ayé, ilẹ̀ Yorùbá wa níbí nìkan ló ń gbé! Plọ́ọ̀tì kan ò lè pè é wá sí Ọ̀tà, àmọ́ àwọn ẹyẹ mìíràn ń wá ibi tí wọ́n máa bà sí.

2. Igi tó gbẹ lórí ìdúró kì í ṣe ìdọ̀tí. Inú rẹ̀ ni àkókó ń gbẹ́ ilé sí. Bí kò bá lè wó lu èèyàn tàbí ilé, ẹ fi í sílẹ̀.

3. Ẹ má gbá abẹ́ igi bí àgbàlá, ẹ má sì dáná sun ún. Abẹ́ ewé tó jábọ́ ni kòkòrò ń gbé, kòkòrò sì ni ẹyẹ ń jẹ. Ewé Akíntọ́lá ni kẹ́ ẹ tu, torí ó ń bo ọmọ igi mọ́lẹ̀.

4. Ẹ dá ọ̀pọ̀tọ́ sí. Ẹyẹ fẹ́ràn èso rẹ̀.

Igi wo ló kù ládùúgbò yín? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi èyí ránṣẹ́ sí onílẹ̀ kan.