Ta ló yẹ kó dáhùn fún 3SC? Ohun tó ń bí olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù nínú n'Íbàdàn

Ẹni tó bá ń gba Ring Road kọjá n'Íbàdàn mọ pápá ìṣeré Obafemi Awolowo dáadáa. Láti ọdún 1960 ló ti wà níbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń pè é ní Liberty Stadium. Ibẹ̀ ni Dick Tiger àti Gene Fullmer ti wọ̀yá ìjà nítorí ìgbànú ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé ní 1963. Ibẹ̀ náà wà lára ibi tí wọ́n ti gbá ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980 àti ife ẹ̀yẹ àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní 1999. Ṣùgbọ́n Shooting Stars, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí 3SC, Adamasingba ni wọ́n fi ṣe ilé, ìyẹn pápá Lekan Salami. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni pápá yẹn. Òun náà ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀hún.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Tí 3SC bá pàdánù lẹ́ẹ̀kan, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n máa bú. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó kan máníjà. Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ gómìnà, àwọn kan á sì ní kí wọ́n kúkú ta ẹgbẹ́ náà fún ẹni tó lówó lọ́wọ́. Ìbéèrè kan ló wà nídìí gbogbo ariwo yìí: tí nǹkan ò bá lọ déédéé ní 3SC, ta ló yẹ kó dáhùn, ta sì ni olólùfẹ́ lè bi?

Orúkọ ẹgbẹ́ ń tọ́ka sí olówó rẹ̀

Àwọn àgbà tó ti ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ yìí tipẹ́ ṣì máa ń pè é ní WNDC tàbí IICC. WNDC ni àjọ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn gbé kalẹ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè náà. IICC náà, ilé iṣẹ́ ìjọba ni, tó wà fún ìdókòwò àti owó yíyá. Ìkọ̀ọ̀kan wọn ló gbé ẹgbẹ́ náà rù nígbà tirẹ̀, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Ìjọba ló wà lẹ́yìn wọn lóòótọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ní àpò tirẹ̀ ló dúró sáàárín ẹgbẹ́ àti ọ́fíìsì gómìnà.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń gbọ́ bùkátà, gómìnà ló sì ń yan àwọn tó ń darí. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Ìjọba ló ni ẹgbẹ́, òun náà ló ni gbèsè rẹ̀, ìfìdírẹmi rẹ̀ àti ayọ̀ rẹ̀.

Ìdí tí ìbínú náà fi jinlẹ̀

Ẹni tí kò jẹ iyán rí kì í ráhùn iyán, ṣùgbọ́n 3SC ti jẹ ẹ́ rí. Ní 1976, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn ní Áfíríkà. Góòlù 4 sí 2 ni àpapọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Tonnerre Yaoundé ti Cameroon. Àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Segun Odegbami, Muda Lawal, Best Ogedegbe àti Felix Owolabi wà lára àwọn tí ìgbà náà fi ń yangàn. Rashidi Yekini náà wọ aṣọ ẹgbẹ́ yìí lẹ́yìn wọn.

Ní 1992, wọ́n tún gba ife CAF lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ gbá a. Wọ́n gbá òmì pẹ̀lú SC Villa ní Uganda, wọ́n sì fi 3–0 nà wọ́n n'Íbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dé àṣekágbá ife tó tóbi jù fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, ní 1984 àti 1996. Zamalek ti Íjíbítì ló dí wọn lọ́wọ́ nígbà méjèèjì, pẹnáritì ni wọ́n sì fi yanjú ti 1996. Nínú ilé níbí, wọ́n gba líìgì ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998.

Láti 1998, kò sí líìgì mọ́. Ní 2017, 3SC já bọ́ sí ìpele kejì, ó sì di 2021 kí wọ́n tó padà sókè. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n gba líìgì kẹ́yìn ti di géńdé. Ohun tí bàbá ń ròyìn fún un, kò fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ n'Íbàdàn fi gba ilé ìwòran bọ́ọ̀lù lọ ní ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n ń kígbe fún Chelsea, Arsenal àti Manchester United.

Bí owó ṣe ń rìn

Ilé bọ́ọ̀lù lágbàáyé ní ọ̀nà mẹ́rin pàtàkì tí owó ń gbà wọlé: owó tẹlifíṣọ̀n, owó ẹnu ọ̀nà pápá, owó ìpolówó ọjà, àti owó agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n bá tà. Ní líìgì Nàìjíríà, mẹ́ta àkọ́kọ́ kéré púpọ̀. Ẹgbẹ́ ìjọba wá gbára lé owó tí ìpínlẹ̀ bá fún un nínú ìṣúná.

Owó ìṣúná sì ní ìlànà tirẹ̀. Pé wọ́n kọ iye kan sínú ìwé ìṣúná kò sọ pé owó náà ti jáde. Ìwé ní láti lọ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn kó tó di owó. Bí àpò ìpínlẹ̀ bá gbẹ, olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ló máa wà níwájú, bọ́ọ̀lù á sì wà lẹ́yìn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì tí àwọn agbábọ́ọ̀lù 3SC ti fẹ̀hónú hàn nítorí owó oṣù.

Ìpalára rẹ̀ kò mọ sí ebi nìkan. Òfin FIFA sọ pé tí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé sí wọn, kó fún wọn ní ọjọ́ 15 láti san án, tí wọn ò bá sì san án, ó lè já àdéhùn náà kó sì máa lọ. Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí: ọmọ tí wọ́n tọ́ dàgbà, tí wọn ì bá tà kí wọ́n fi owó rẹ̀ tún ẹgbẹ́ ṣe, á bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà kẹrin tí owó ì bá gbà wọlé náà dí nìyẹn. Ẹgbẹ́ á tún padà lọ tẹ́wọ́ sí ìjọba.

Ti àwọn alákòóso náà tún wà níbẹ̀. Láti 1999, Lam Adesina, Rashidi Ladoja, Alao-Akala, Abiola Ajimobi àti Seyi Makinde ti jẹ gómìnà Ọ̀yọ́. Kò sí òfin tó ní kí gómìnà tuntun fi àwọn tí aṣáájú rẹ̀ yàn sípò sílẹ̀ síbẹ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá nílò ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti kọ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà ìdìbò ni àwọn tó gbà á síṣẹ́ ń wò.

Ṣé kí wọ́n tà á?

Ọ̀rọ̀ yìí ló pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tí inú ń bí, ó sì ní ẹ̀rí tó gbè é. Lọ́dún 2017 tí 3SC já bọ́, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ náà já bọ́. Ní 2021, àwọn méjèèjì jọ padà sókè. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní 2025, Remo Stars gba líìgì. Kunle Soname, olùdásílẹ̀ Bet9ja, ló ni wọ́n. Ó kọ́ pápá sí Ìkẹ́nnẹ́, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké.

Àmọ́ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ ti rí apá kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú yìí kan náà ni Leventis United wà, tí ilé iṣẹ́ Leventis dá sílẹ̀. Wọ́n gba líìgì ní 1984 àti 1986, wọ́n sì dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1985 kí Al Ahly tó borí wọn. Ní 1987, ilé iṣẹ́ náà ní òun ò ṣe mọ́, ẹgbẹ́ sì túká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta náà gba ife orílẹ̀-èdè ní 1985 àti 1987. Lónìí, ìtàn ni. Sporting Lagos, tí Shola Akinlade tó jẹ́ ara àwọn tó dá Paystack sílẹ̀ gbé dìde, gòkè ní 2023, wọ́n já bọ́ ní 2024. Owó aládàáni lè gbé ẹgbẹ́ ga kíákíá, ó sì lè pòórá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ti ìjọba náà kì í ṣe ikú ní dandan. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ábíá ló ni Enyimba, Enyimba yìí ló sì gba ife tó tóbi jù ní Áfíríkà ní 2003 àti 2004. Ohun tí wọ́n ní tí àwọn ẹlòmíràn kò ní ni pé Felix Anyansi-Agwu wà nípò alága fún ohun tó lé ní ogún ọdún, láti 1999. Gómìnà ń yí padà, alága kò yí padà.

Nítorí náà, bóyá ìjọba ló ni ẹgbẹ́ tàbí olówó kan kọ́ ló ń pinnu ohun gbogbo. Ohun tó ń pinnu ni bóyá ẹni tó ń darí máa pẹ́ níbẹ̀, bóyá owó ń jáde lásìkò, àti bóyá ẹnì kan wà tó lè bi í léèrè.

Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe é

Ní Jámánì, òfin tí wọ́n ń pè ní 50+1 ni wọ́n ń tẹ̀lé: yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ bíi mélòó kan, ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní ìbò tó ju ìdajì lọ, kí olówó kankan má baà dá pinnu. Ní Gánà, Hearts of Oak ta ìpín ìdókòwò fún aráàlú ní 2011. Ní England, ìjọba ṣòfin ní 2025 láti dá àjọ tí yóò máa ṣọ́ àwọn tó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Àwọn alátìlẹ́yìn Manchester United ti ń bínú sí ìdílé Glazer láti 2005, nígbà tí wọ́n fi owó yíyá ra ẹgbẹ́ náà tí wọ́n sì di gbèsè lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà wà ní ọjà ìdókòwò New York, dandan ni kí wọ́n gbé ìwé owó wọn jáde. Ẹni tó jókòó ní Challenge tàbí Ring Road lè fi fóònù rẹ̀ wo iye tí Manchester United jẹ. Tó bá fẹ́ mọ iye tó wọlé ní ẹnu ọ̀nà Adamasingba lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ẹgbẹ́ tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an ni yóò ṣòro fún un láti mọ̀.

Ohun tí olólùfẹ́ lè ṣe

Tirẹ̀ ni 3SC lóòótọ́. Owó ìlú ló ń ná, owó ìlú sì ní ẹni tó ni ín. Òfin òmìnira láti gba ìròyìn ti wà ní Nàìjíríà láti 2011, ó sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba kó béèrè àkọsílẹ̀, láìsọ ìdí. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ dáhùn, àyàfi tí òfin bá fún wọn ní àfikún ọjọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn. Ní 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ yìí sọ pé ó kàn wọ́n.

Lẹ́tà kan ṣoṣo lè béèrè ohun mẹ́ta: iye tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún 3SC àti iye tó jáde, iye owó oṣù tí wọ́n jẹ, àti iye tí wọ́n rí lórí agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n tà. Àwọn ẹgbẹ́ alátìlẹ́yìn náà lè tọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àgódi lọ, kí wọ́n béèrè fún òfin tí yóò fún ìgbìmọ̀ alákòóso ní iye ọdún kan pàtó, tí yóò sì fi aṣojú alátìlẹ́yìn sínú rẹ̀.

Èébú kì í gba góòlù wọlé, yíyọ akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ́dọọdún náà kò tíì gba líìgì láti 1998. Tí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ẹni tí 3SC ń dùn lè bú gómìnà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n tó bá ti bú u tán, kó tún kọ lẹ́tà. Èébú kò ní ọjọ́ ìdáhùn. Lẹ́tà ní ọjọ́ méje.