Kí Ló Dé Tí Oṣù Èrèlé Kì Í Dúró Sójú Kan?

Gbogbo wa la mọ bí oṣù Èrèlé, ìyẹn Fẹ́búárì, ṣe máa ń rí. Láàárọ̀, a ó wọ súwẹ́tà wá sí àsẹ́ḿbìlì, ètè á ti sán, ẹsẹ̀ á funfun bíi ti ẹni tó rìn nínú eérú. Tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, súwẹ́tà ti wọ inú báàgì, òógùn ti rin ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ kejì, òtútù á lọ, ooru ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ká tó mọ̀, òjò kan á dé pẹ̀lú ìjì, inú gbogbo Joga-Orílé á dùn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, eruku á tún padà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ojú ọjọ́ ti ya wèrè. Kò ya wèrè rárá. Ó ní ohun tó ń ṣe é.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa. Èkíní ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ní àríwá ìlà-oòrùn. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, eruku ló ń gbé wá. Òun là ń pè ní ọyẹ́. Púpọ̀ nínú eruku náà ń wá láti ibì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Adágún omi ńlá ló wà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tó gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ di lẹ́búlẹ́bú, afẹ́fẹ́ sì ń kó o káàkiri. Afẹ́fẹ́ kejì ń bọ̀ láti orí Òkun Àtìláńtíìkì, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀rinrin wà nínú tiẹ̀, òun ló ń gbé òjò bọ̀.

Ẹ rántí eré okùn fífà tí a máa ń ṣe ní íńtà-háòsì. Bí àwọn afẹ́fẹ́ yìí ṣe ń fa ara wọn nìyẹn, ààlà sì wà láàárín wọn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọyẹ́ ló lágbára jù, ààlà náà á sún mọ́ etí òkun. Ní oṣù Ògún, afẹ́fẹ́ òkun ti fà á kọjá Kánò àti Sókótó lọ sí etí aṣálẹ̀. Oṣù Èrèlé ni afẹ́fẹ́ òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú. Tó bá fa ààlà kọjá orí wa lónìí, ọyẹ́ lè fà á padà lọ́la. Ìdí nìyẹn tí ojú ọjọ́ ò fi dúró sójú kan.

Kí ló wá dé tí ọyẹ́ fi ń tutù láàárọ̀ tó sì ń gbóná lọ́sàn-án? Ọ̀rinrin àti ìkúukùu dà bí aṣọ ìbora tí ilẹ̀ fi ń sùn. Tí ọyẹ́ bá dé, aṣọ náà á ṣí. Gbogbo ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án á fò lọ lóru.

Ooru tí kò mú òjò wá ńkọ́? Tí afẹ́fẹ́ òkun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kì í nípọn. Abẹ́ ló ń gbà, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì wà lókè ẹ̀, kò jẹ́ kí ìkúukùu ga tó láti di òjò. Ara á máa làágùn, òógùn náà ò ní gbẹ. Apá gúúsù pátápátá, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti nípọn, ni òjò ti ń rọ̀. Ìdí nìyẹn tí òjò fi lè rọ̀ ní Calabar lọ́jọ́ tí eruku bo Kánò tí òtútù sì ń mú wọn ní Jos.

Irú ooru yìí lè burú gan-an. Ní February 11, 2024, tí Côte d'Ivoire na Super Eagles 2-1 ní Abidjan nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, irú ooru bẹ́ẹ̀ ló mú káàkiri apá gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ World Weather Attribution ṣírò pé bó ṣe ń rí lára èèyàn lọ́sẹ̀ náà tó nǹkan bí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Wọ́n ní èéfín tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run ló fi nǹkan bíi 4 kún un.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àgbàdo ìyá àgbà mi. Lọ́dún tó kọjá, òjò ńlá kan rọ̀ ní ìparí Èrèlé. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti màmá gbin àgbàdo. Ó hù dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò ò kán. Gbogbo ẹ̀ rọ, ó gbẹ. Màmá ní láti tún owó wá láti fi ra irúgbìn míì, kì í sì í ṣe àwa nìkan ló ṣẹlẹ̀ sí.

Ní báyìí, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun nípọn fún ọjọ́ kan, òjò rọ̀, ọyẹ́ sì fa okùn padà. Ní agbègbè Yewa wa níbí, ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin ni òjò sábà máa ń fìdí múlẹ̀. Àwọn àgbà kìlọ̀ pé kéèyàn má torí òjò tó ṣú da omi inú ìkòkò nù. Èmi náà wá ń sọ pé ká má torí òjò kan ṣoṣo da irúgbìn sílẹ̀.

Kí la lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta tó tẹ̀ léra wọn. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ oko jìn tó kí ọwọ́ wọlé dé ọrùn ọwọ́. Tí ìsàlẹ̀ bá ṣì gbẹ, ẹ dúró. Ẹ sì máa gbọ́ rédíò, nítorí pé àjọ NiMet tó ń rí sí ojú ọjọ́ máa ń sọ lọ́dọọdún ìgbà tí wọ́n rò pé òjò máa bẹ̀rẹ̀ níbi kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ gbin nǹkan dandan, ẹ fi díẹ̀ gbìn, kí ẹ fi èyí tó pọ̀ pamọ́.

Tí òjò bá rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, tí bàbá tàbí màmá yín sì ń kó irúgbìn jáde, ẹ fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n lè kọ́kọ́ sọ pé ọmọ àná ni yín. Ẹ ṣáà rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọwọ́ wo ilẹ̀.