Àárẹ̀ Tí Kì Í Ṣe Ọ̀lẹ: Ẹ̀gẹ́, Omi Kànga àti Gẹ̀gẹ̀ Ọrùn

Ọjà Ìpata níbí ní Ìlọrin ni a ó ti mú ọ̀rọ̀ tòní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ilé olúkúlùkù yín.

Ẹ wo Ìpata ní òwúrọ̀. Alátà ti pàtẹ, àwọn alápatà ti dá màlúù dùbúlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, àpò gàárí àti láfún sì ń wọlé láti àwọn abúlé. Ẹni tí ó fẹ́ ra gàárí yóò bu díẹ̀ sẹ́nu, yóò wo àwọ̀ rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ rà á wò bóyá ó gbẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan lè ṣẹ́ kù sínú gàárí tí a kánjú ṣe, tí ojú kò lè rí. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń wádìí rẹ̀ láti ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n sì ti rí i pé ó lè wà lára ohun tí ń mú kí ó rẹ ènìyàn láti ìdí ibùsùn.

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tútù tí ó korò lè pa ewúrẹ́. Sáyánáìdì ni orúkọ májèlé náà. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà ní odidi, ṣe ni májèlé yìí dì mọ́ ohun mìíràn nínú rẹ̀. Bí a bá rin ín tàbí tí a gún un, yóò tú sílẹ̀. Apá kan yóò bá omi lọ nígbà tí a bá fún un, apá kan yóò bá afẹ́fẹ́ lọ, iná abẹ́ agbada yóò sì lé èyí tí ó kù. Àwọn ìyá wa kò ka ìwé kẹ́místrì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé a kì í rin ẹ̀gẹ́ lónìí kí a yan án lónìí.

Ìbẹ̀rù ibẹ̀ ni pé owó ọjà ń mú kí àwọn kan máa gé ọjọ́ kù. Ní ọdún 1981, ọ̀dá dé bá ìhà Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì. Ebi kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn lè dúró kí ẹ̀gẹ́ kíkorò wọn gbẹ dáadáa kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan (1,000) ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn rọ láàárín oṣù díẹ̀, obìnrin àti ọmọdé ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Nílé wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1968 nípa àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn ń di. Ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ wọn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwọn olùwádìí kan tí ó tẹ̀ lé e kò gbà pé ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fa àìsàn náà, àríyànjiyàn sì wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní àríyànjiyàn: ohun tí sáyánáìdì ń dà nínú ara ti pọ̀ jù.

Ohun náà ni à ń pè ní táyósáyánéètì, òun gan-an ni a sì ń bọ̀ wá sọ. Bí sáyánáìdì díẹ̀ bá wọ inú ara, ẹ̀dọ̀ yóò sọ ọ́ di táyósáyánéètì kí ó má bàa pa wá. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹran ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí náà ẹni tí ó ń mu gàárí lásán láìsí ohun tí yóò fi jẹ ẹ́ kò ran ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Táyósáyánéètì kò le tó sáyánáìdì, ṣùgbọ́n ó ní ìjà tirẹ̀ tí ó ń jà ní ọrùn.

Ní ìsàlẹ̀ gògóńgò wa ni ẹran kékeré kan wà tí ó rí bí labalábá. Àwọn dókítà ń pè é ní táírọ́ìdì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa áyódíìnì inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, kí ó fi ṣe omi ara kan tí ń sọ fún ọkàn, ìfun, iṣan àti ọpọlọ bí wọn yóò ti yára tó. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà tí áyódíìnì ń gbà wọlé há bí ọ̀nà àárín ìsọ̀ méjì ní Ìpata. Táyósáyánéètì jọ áyódíìnì ní ìwọ̀n, ó sì lè du ọ̀nà náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí áyódíìnì bá pọ̀, yóò rí ọ̀nà wọlé. Bí ó bá kéré, ìyà dé. Táírọ́ìdì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú kí ó lè rí díẹ̀ fà mọ́ra, èyí ni gẹ̀gẹ̀. Gbogbo ara yóò sì máa falẹ̀: àárẹ̀ tí oorun kò lè wò, òtútù nígbà tí ooru ń mú ẹlòmíràn, awọ ara gbígbẹ, ìgbẹ́ líle, ohùn tí ó wúwo.

Ní erékùṣù Idjwi ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, áyódíìnì kéré ní apá méjèèjì, síbẹ̀ apá kan ni gẹ̀gẹ̀ pọ̀ sí jù. Nígbà tí àwọn oníṣègùn wádìí oúnjẹ, ẹ̀gẹ́ ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Èyí tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti aboyún. Bí áyódíìnì kò bá tó o, ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ lè má pé, kò sì sí oògùn tí yóò dá a padà lẹ́yìn ìbí.

Omi náà ní ìpín tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù láti odò ẹran, ajílẹ̀ tí a dà jù sí oko, ṣáláńgá tí ó sún mọ́ kànga, gbogbo wọn ń fi náítíréètì sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Náítíréètì náà ń du ẹnu ọ̀nà áyódíìnì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti táyósáyánéètì. Ewu rẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ ni ó tóbi jù, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ gbé afẹ́fẹ́ dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi kan. Ẹ má ṣe rò pé sísè yóò mú un kúrò. Bí omi bá ti ń gbẹ lórí iná ni ó ń le sí i.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ yín ni ó ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́ gàárí. Ẹ má ṣe fi òfin yín sílẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tí ẹ mọ̀ sí akíkanjú bá ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ẹ wo ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó bu owó lé e, kí ẹ sì ní kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àtọ̀gbẹ náà ń fa àárẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu áyódíìnì tí a fi ń tọ́jú ojú egbò. Májèlé ni.

Iyọ̀ ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù. Láti ọdún 1993 ni ìjọba ti ní kí a máa fi áyódíìnì sínú iyọ̀ tí a ń tà ní Nàìjíríà. Ẹ ra èyí tí ó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n kọ ọ́ sí lára, kí ẹ dé e pa, nítorí oòrùn àti ọ̀rinrin ń lé áyódíìnì lọ. Ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ jinná ni kí ẹ fi í sí i. A kò ní kí ẹ fi kún iye iyọ̀ tí ẹ ń jẹ, pàápàá ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ní ti gàárí, ẹ jẹ́ kí ó lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò ó kéré tán, kí ẹ fún un gbẹ, kí ẹ sì yan án yanjú. Kí ẹni tí ń yan án jókòó sí ibi tí atẹ́gùn yóò ti gbé èéfín kúrò lójú rẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì máa gba ara wọn sípò. Omi tí a fún jáde nínú ẹ̀gẹ́, májèlé wà nínú rẹ̀: ó ń pa ẹja odò, ẹran ọ̀sìn tí ó bá mu ún sì lè kú. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un ní ìsàlẹ̀ ibi tí kànga wà, kí ó jìnnà sí i ní ìwọ̀n mítà 30 ó kéré tán bíi ti ṣáláńgá, kí ẹ sì fi igi yí i ká kí ewúrẹ́ má bàa dé ibẹ̀.