Ẹ̀rọ Ìmí Amòòkùn: Ta Ló Yẹ Kó Tún Un Ṣe?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó ń fi gáàsì dáná, ẹ mọ détendeur dáadáa. Òun ni nǹkan kékeré tí a máa ń so mọ́ orí ìgò gáàsì, tó ń dín agbára gáàsì kù kó tó dé ibi ìdáná. Bí rọ́bà ara rẹ̀ bá gbó, òórùn á gba ilé kan, a ó sáré pa iná, a ó sì jáde síta. Ẹ̀rọ mìíràn wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lédè Faransé, tí àwọn tó ń mòòkùn nínú òkun fún ìgbádùn fi ń mí. Bí ìyẹn bá bàjẹ́ nísàlẹ̀ omi, kò sí ìta tí èèyàn lè sáré jáde sí.

Ọdún 1943, ní ilẹ̀ Faransé, ni Jacques-Yves Cousteau, ọmọ ogun ojú omi, àti Émile Gagnan, onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Air Liquide, ṣe irú rẹ̀ tó wá gbajúmọ̀ káyé. Ogun wà nílẹ̀ nígbà náà, epo mọ́tò wọ́n bí ojú. Ẹ̀rọ tí Gagnan ṣe kí mọ́tò lè máa fi gáàsì rìn ni wọ́n tún tò tó fi di ohun èlò ìmí abẹ́ omi.

Afẹ́fẹ́ inú ìgò amòòkùn máa ń tó 200 bárì. Kò sí ẹ̀dọ̀fóró tó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, apá méjì ni ẹ̀rọ náà ní. Apá tó wà lórí ìgò ń dín in kù títí yóò fi ku nǹkan bíi 10 bárì lé ní ti omi tó yí èèyàn ká. Apá tó wà lẹ́nu ń dín in kù lẹ́ẹ̀kejì kó lè bá ti omi dọ́gba. Òrùka rọ́bà, sípíríǹgì àti idẹ kéékèèké ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Iyọ̀ òkun ń jẹ irin wọn, rọ́bà sì ń gbó.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ní kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ sì máa tú u palẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì láti pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ta pààtì fún ẹni tí kò ní ìwé ẹ̀rí wọn. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ní: owó wa la fi rà á, ẹ̀mí wa ló wà lórí rẹ̀, kí ló dé tí a kò fi ní tú u? Wọ́n ní mẹkáníìkì tó ń kánjú kò lè ṣọ́ra tó ẹni tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ gbé e wọ omi. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń tètè fura bó bá ń yíwà padà.

Àwọn kejì ní ìfàlà kékeré kan lára idẹ, tàbí iyanrìn bíńtín, ti tó láti ba ohun gbogbo jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní, bó bá bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ló máa ń tú jáde ṣùù. Kì í dí pa. Ṣùgbọ́n ìgò tó ń tú bẹ́ẹ̀ lè gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Gírísì tí kò yẹ tún lè gbiná níbi tí ọ́síjìn bá pọ̀ sí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, amòòkùn kì í dá wọ omi. Bí afẹ́fẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ bá tán, lára ẹ̀rọ tirẹ̀ ni onítọ̀hún yóò ti mí.

Lójú tiwa, iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a pò wọ́n pọ̀. Ìtọ́jú ojoojúmọ́ jẹ́ ti oní-nǹkan. Kó dé ọmọrí ẹ̀rọ náà, kó fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án lẹ́yìn òkun. Kó tó wọ omi, kó ṣí ìgò, kó wò ó bóyá ó ń hó. Kó ti ìgò, kó mí èyí tó kù tán, kó tún fà á: bí afẹ́fẹ́ bá ṣì ń wọlé, ihò wà níbì kan.

Títú u palẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó kọ́ ọ, tó ní ìwé ìlànà ẹ̀rọ náà gan-an, irinṣẹ́ rẹ̀, ojúlówó pààtì àti aago tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́, lè ṣe é. Ẹni tí ọ̀kan bá kù fún nínú wọn, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ onímọ̀. Ẹni yòówù kó tún un ṣe, inú omi tí kò jìn ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò.

A sì rọ àwọn ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá fi pààtì pamọ́, ẹni tó ti pinnu láti tú u yóò ṣáà tú u, pààtì ayédèrú ni yóò sì fi dí i. Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Kí ẹni tó bá ní òun mọ̀ ọ́n tú bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé màá lè gbé e fún ọmọ ìyá mi kó fi wọ omi?