Ìtúpalẹ̀ àti Ìyàwòrán Ètò-Ìwífún fún Ilé-iṣẹ́: Ọ̀rọ̀ àti Ìtumọ̀ Wọn

1. Ìfáárà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ tí àwọn akọ̀wé ń fi ọwọ́ ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí wọ́n wá. Iṣẹ́ náà gan-an ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ tinú-tòde. Orúkọ méjì ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ìmọ̀ yìí, analysis àti design. Bí olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ, àti iṣẹ́ tí wọ́n dúró fún, ni kókó àpilẹ̀kọ yìí.

2. Ètò, èròjà àti ìwífún

Alájọ kan ní Máfolúkù, ní Òṣòdì, tó fún àpẹẹrẹ. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí a pín sí ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí alájọ ti ń gba owó lójoojúmọ́ ni ó ń fa àmì sí káàdì náà àti sí ìwé tirẹ̀. Ní ìparí oṣù, yóò yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún ẹni tí ó dá a. Àmì kọ̀ọ̀kan lórí káàdì kò tíì sọ nǹkan púpọ̀. Èròjà ìwífún ni. Nígbà tí alájọ bá ka àwọn àmì náà, tí ó fi iye wọn sọ owó ojúmọ́ di púpọ̀, tí ó sì yọ tirẹ̀ kúrò, ohun tí ó kù di ìwífún, nítorí pé òun ni oníbàárà lè fi pinnu ohun tí yóò ṣe. Káàdì, ìwé, alájọ, oníbàárà àti òfin owó ọjọ́ kan, gbogbo wọn lápapọ̀ ni ètò-ìwífún.

Ètò-ìwífún ti wà, nígbà náà, kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ògbufọ̀ tí ó bá fi “ẹ̀rọ” túmọ̀ system ti yọ ènìyàn àti òfin kúrò nínú rẹ̀.

3. Ìtúpalẹ̀

“Àyẹ̀wò” kò kún tó fún analysis. Àyẹ̀wò ń wádìí bóyá nǹkan dára tàbí kò dára. Ìtúpalẹ̀ ju èyí lọ: a tú nǹkan, a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí a lè rí bí apá kan ti so mọ́ èkejì. Atúpalẹ̀ ètò yóò bi alájọ ní ìbéèrè. Bí oníbàárà bá sọ káàdì nù, ìwé ta ni a ó gbà gbọ́? Bí ó bá fẹ́ gba owó rẹ̀ kí oṣù tó parí, ṣé alájọ yóò ṣì yọ owó ọjọ́ kan? Bí ó bá san ti ọjọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Irú ìdáhùn báyìí kì í sábà sí nínú ìwé. Ẹnu àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ni a ti ń gbọ́ ọ. Àkójọ àwọn ìdáhùn náà ni ó ń sọ ohun tí iṣẹ́ ń béèrè lọ́wọ́ ètò tuntun.

4. Ìyàwòrán

“Ìṣètò” ṣòro láti lò fún design níhìn-ín, nítorí pé “ètò” ti dúró fún system. “Ìṣètò ètò” yóò sì da akẹ́kọ̀ọ́ lójú rú. “Ìyàwòrán ètò” sàn jù. Yorùbá ti ní ayàwòrán ilé, ẹni tí ń ya àwòrán kí bíríkìlà tó to búlọ́ọ̀kù. Bákan náà ni ayàwòrán ètò ṣe ń ṣáájú ẹni tí ń kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà. Atúpalẹ̀ sọ ohun tí ètò gbọ́dọ̀ ṣe. Ayàwòrán sọ bí yóò ti ṣe é. Òun ni ó ń pinnu àkówọlé, àkójáde, àká tí a ó kó ìwífún pamọ́ sí, àti ẹni tí ó ní àṣẹ láti yí i padà.

5. Ẹ̀rí láti ilé-iṣẹ́ ńlá

Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ nípa alájọ kan jẹ́ òtítọ́ nípa ilé-iṣẹ́ ńlá. Ilé-iṣẹ́ J. Lyons, tí ń ta tíì àti kéèkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kan LEO, kọ̀ǹpútà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò iye owó ohun tí wọ́n ń yan ní oṣù Kọkànlá ọdún 1951. Ṣùgbọ́n kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ni Lyons ti ní ẹ̀ka tí ń ṣèwádìí ọ̀nà tí àwọn akọ̀wé rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́. Ìtúpalẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé.

Ní Nàìjíríà, Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò IPPIS ní oṣù Kẹrin ọdún 2007, kí owó oṣù lè máa lọ tààrà sí báǹkì òṣìṣẹ́, kí a sì lè yọ orúkọ àwọn ayédèrú òṣìṣẹ́. Ète náà dára. Nígbà tí a mú àwọn olùkọ́ yunifásítì wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ wọn, ASUU, fi ẹ̀sùn kàn án pé kò mọ bí iṣẹ́ yunifásítì ti rí. Olùkọ́ lè lo ọdún kan ní yunifásítì mìíràn láìfi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè máa kọ́ni fún wákàtí díẹ̀ ní ibòmíràn. Òfin ọdún 2012 fún ọ̀jọ̀gbọ́n láyè láti ṣiṣẹ́ títí di ẹni 70 ọdún, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìntì ní 60 ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́. Àká ìwífún tí kò bá ní ààyè fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ yóò kà á sí àṣìṣe, owó rẹ̀ yóò sì dúró. ASUU gbé ètò tirẹ̀, UTAS, kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ òmìnira yunifásítì wà nínú àríyànjiyàn náà pẹ̀lú, ó sì di ara ohun tí ó fa ìyanṣẹ́lódì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn yunifásítì kúrò lórí IPPIS.

6. Ìkádìí

Àríyànjiyàn yìí fi hàn pé bí ìbéèrè kan bá fò atúpalẹ̀ dá, owó oṣù ẹnì kan lè wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí olùkọ́ ya ìtúpalẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyàwòrán, kí ó sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ “ìtúpalẹ̀ ètò-ìwífún” yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ni òun yóò kọ́kọ́ lọ, kí òun tó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta kọ̀ǹpútà.